Àwòrán Ìdílé ní Gbangba Ìta ní Ìlú Jọ́ọ̀sì

Bí ènìyàn bá wọ pálọ̀ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní ìlú Jọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ ní Tudun Wada tàbí ní Bukuru, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá lára ògiri ni àwòrán ìdílé. Baba jókòó, ó tẹ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Ìyá jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gèlè rẹ̀ ga bí òkè Shere. Àwọn ọmọ tò sí ẹ̀yìn wọn, àgbà dé èwe. Gbogbo wọn ranjú mọ́ ẹni tí ń wò wọ́n. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà bá fara balẹ̀ wò ó dáradára, yóò rí i pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà: ọmọ tí ó kéré jù lọ ti yí orí padà, ojú rẹ̀ kò sì hàn ju bí èéfín lọ, ajá tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ àga ti di ẹni tí ó ní orí méjì. Àwọn méjèèjì yìí, ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn, ni wọ́n ti ń da ayàwòrán láàmú láti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà ti dé ayé. Ọ̀rọ̀ wọn tó ohun tí ènìyàn ń jókòó gbé yẹ̀ wò.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà tí Daguerre, ará ilẹ̀ Faransé, fi ń yàwòrán han gbogbo ayé ní ọdún 1839, ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ fi la ojú sílẹ̀ kí àwòrán tó lè dúró. Ẹni tí ó bá mira, ó ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nìyẹn. Láìpẹ́ wọ́n dín àkókò náà kù, síbẹ̀ ta ni yóò sọ fún ọmọ oṣù mẹ́jọ pé kí ó má mira títí ènìyàn yóò fi ka ení dé ogún? Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ọgbọ́n kan sí i. Ìyá ọmọ yóò jókòó sórí àga, wọn yóò fi aṣọ bò ó láti òkè délẹ̀ bí egúngún, wọn yóò sì gbé ọmọ lé e ní itan. Ẹni tí ó bá wo àwòrán náà yóò rò pé àga lásán ni ọmọ jókòó lé, àfi bí ó bá rí ọwọ́ tí ó yọ lábẹ́ aṣọ, tí ó di ọmọ náà mú gírígírí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwà tí ó bá àwòrán mu ti wà kí kámẹ́rà tó dé. Ní ọdún 1975, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ayàwòrán, wo bí àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó rí ni ó kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní ọdún 1978. Ó ṣàkíyèsí pé ìjókòó kan wà tí àwọn àgbàlagbà kì í yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀: ẹni náà yóò kọjú sí kámẹ́rà gan-an, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún tàbí itan, yóò tẹ́ aṣọ rẹ̀ kí ó fẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ yóò sì hàn. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ ère tí àwọn baba ńlá gbẹ́ yóò rí i pé ìfarabalẹ̀ kan náà ni ó wà níbẹ̀. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àgbàlagbà tí ó jókòó bẹ́ẹ̀ ń fi ojú sọ pé òun wà, òun sì tó ẹni tí wọ́n ń wò.

Nínú ìwé yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ ìbejì ti jẹ yọ. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú, ère ni wọ́n ń gbẹ́ láyé àtijọ́. Nígbà tí ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì sọ ère gbígbẹ́ di ohun tí ojú ń ti ènìyàn láti ṣe, àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo fọ́tò dípò rẹ̀. Ayàwòrán yóò ya ọmọ tí ó kù, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò sì tún jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ kan náà ni yóò wọ aṣọ ọkùnrin nígbà kìíní, tí yóò wọ aṣọ obìnrin nígbà kejì. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwòrán ọmọdé.

Ìdí mìíràn tún wà tí àwọn ayàwòrán àtijọ́ fi ń pariwo pé kí ọmọ má mira. Fíìmù wọ́n. Irú èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń lò, tí wọ́n ń pè ní 120, kì í ya ju àwòrán méjìlá lọ bí àwòrán náà bá jẹ́ olórígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba. Ìdílé kan kò lè gba ju méjì lọ nínú méjìlá náà. Seydou Keïta, ayàwòrán ìlú Bamako, tí ó ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1948, a máa ya ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀kan péré, ó parí. Àgbàlá ni ó sì ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Aṣọ tí ó fi ń bo ibùsùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ta sí ẹ̀yìn àwọn oníbàárà. Nígbà tí aṣọ náà gbó, ó pààrọ̀ rẹ̀, àwọn aṣọ wọ̀nyí ni ó sì fi ń mọ ọdún tí ó ya àwòrán kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò, nígbà náà, pé ẹni tí kò ní ilé ìyàwòrán olówó ńlá kò lè yàwòrán tí yóò pẹ́. Àgbàlá, aṣọ kan, àti ọgbọ́n orí tó.

Ní ti Jọ́ọ̀sì, àwòrán ìdílé ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ń jẹ́. Reluwé láti Zaria ti dé orí òkè yìí ní nǹkan bí ọdún 1914, èyí tí ó gba Kafanchan sì dé ní ọdún 1927. Àwọn Yorùbá bá a wá: ará Ogbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀ffà, àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, òmíràn ṣòwò, òmíràn ṣiṣẹ́ reluwé, òmíràn wà ní ibi tí wọ́n ti ń wa tánganran. Wọ́n bímọ síbẹ̀. Ìyá àgbà tí ó wà nílé kò mọ àwọn ọmọ náà àfi nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Nínú fọ́tò yẹn ni yóò ti wò ó bóyá ọmọ náà jọ baba rẹ̀, bóyá ó ń jẹun kánú, bóyá òtútù Jọ́ọ̀sì kò ti sọ ọ́ di gbígbẹ. Àwòrán tí ojú ọmọ ti di èéfín nínú rẹ̀ kò lè dá ìyá àgbà lóhùn.

Iṣẹ́ kejì kò ṣeé fi ẹnu sọ níwájú ẹni tí wọ́n ń yà, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Bí àgbàlagbà bá papò dà, inú àwòrán ìdílé ni àwọn ọmọ ti máa ń gé ojú rẹ̀ jáde fún ìwé ìkéde ìsìnkú. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí gèlè ẹnì kan bo ojú ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n to ènìyàn títí tí ìdajì ojú Màmá yóò fi wà lẹ́yìn èjìká ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta sì ni ti ìjà ìgboro. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àti lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 2008 àti 2010, iná jó ọ̀pọ̀ ilé ní Jọ́ọ̀sì, láàárín onírúurú ẹ̀yà àti ẹlẹ́sìn. Ẹni tí ó sá jáde pẹ̀lú ọmọ ní ọwọ́ kò ráyè já fọ́tò kúrò lára ògiri. Ilé ṣeé tún kọ́. Àwòrán baba tí ó ti kú kò ṣeé tún yà. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí Ogbómọ̀ṣọ́ rí, èyí tí ó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà yẹn ni ogún tí ó kù.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ yàwòrán ní ìta mọ oòrùn ìlú tí ó wà. Jọ́ọ̀sì wà ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, ó sì ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sán gangan, oòrùn a máa wà lókè orí. Ní àárín oṣù kẹrin àti ní ìparí oṣù kẹjọ, ṣánṣán ni ó ń dúró sí àtàrí. Ẹni tí wọ́n bá yà ní wákàtí yẹn yóò ní ihò dúdú méjì ní ibi tí ojú rẹ̀ yẹ kí ó wà, òjìji imú rẹ̀ yóò sì bo ètè rẹ̀ bí irunmú. Fìlà abetí-ajá á tún fi kún un. Àárọ̀ kùtùkùtù títí di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, àti ìrọ̀lẹ́ láti nǹkan bí agogo mẹ́rin ààbọ̀, ni àkókò tí ó dára. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìrọ̀lẹ́ ṣeré: ní apá ayé yìí oòrùn kì í pẹ́ wọ̀, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ mọ́.

Bí ó bá di dandan kí wọ́n yàwòrán ní ọ̀sán, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yídì dé, òjìji ni ààbò. Òjìji ògiri ilé tàbí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dára ju ti igi lọ. Abẹ́ igi máńgòrò tí ewé rẹ̀ dí pọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n abẹ́ igi tí ewé rẹ̀ fọ́nká, bíi yukalíbítọ́ọ̀sì tí ó kún ìlú yẹn, oòrùn á máa jò gba àárín ewé, ojú àwọn ènìyàn á sì ní tótòtó bí ti àmọ̀tẹ́kùn. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ẹ̀bùn kan wà tí àwọn tí ń ráhùn nípa eruku kò kà sí: kùrukùru ọyẹ́ a máa sẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì, ìmọ́lẹ̀ náà á sì rọ̀ sí ojú ènìyàn. Kí wọ́n ṣáà fi òrí pa ara àwọn ọmọ díẹ̀, kí awọ wọn má baà funfun bí ẹni tí ó rá nínú eérú, kí wọ́n má sì pa á jù, nítorí iwájú orí tí ń dán á máa ta yanran. Eruku náà kò gbọ́dọ̀ dúró lójú kámẹ́rà. Aṣọ òwú tí ó mọ́ ni kí wọ́n fi nù ún, kì í ṣe etí agbádá.

Ibi tí wọ́n yóò dúró sí kò ṣòro ní ìlú olókè. Àwọn òkúta ńláńlá tí ó gun ara wọn wà káàkiri, ọgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣí ní ọdún 1952 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun méjì péré ni kí òbí ṣọ́ra fún. Èkíní ni igi oró tí àwọn onílẹ̀ fi ń ṣe ọgbà yí ilé àti oko wọn ká. Ó lẹ́wà nínú àwòrán, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ funfun, ó sì le púpọ̀ fún ojú; ọmọ tí ó bá já a ṣeré tí ó sì fi ọwọ́ nu ojú, ilé ìwòsàn ni wọn yóò ti parí ayẹyẹ. Èkejì ni àwọn adágún omi tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Omi wọn a máa mọ́ lójú, ojú ọ̀run á hàn nínú rẹ̀, ayàwòrán á sì fẹ́ kí àwọn ọmọ dúró létí rẹ̀. Etí adágún bẹ́ẹ̀ kò le, inú rẹ̀ jìn, ó sì ti gbé ọmọ ènìyàn rí, kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Kí wọ́n jìnnà sí i.

Ọ̀rọ̀ awọ dúdú wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ ìtàn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ Kodak a máa fi káàdì tí àwòrán obìnrin òyìnbó wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fọ fọ́tò aláwọ̀, kí wọ́n lè fi wọn àwọ̀ tí ó tọ́. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Ohun tí ó bá tọ́ sí Shirley ni wọ́n kà sí títọ́, ojú ènìyàn dúdú ì báà di èédú. Nígbà tí wọ́n sì tún fíìmù náà ṣe, àwọn tí igbe wọn wà lára ohun tí ó mú kí ilé iṣẹ́ náà gbọ́ ni àwọn oníṣòwò ṣokoléètì àti àwọn tí ń ta àga onípákó, tí wọ́n ń ráhùn pé ọjà wọn kò hàn dáradára nínú àwòrán! Ní ọdún 2021 ni Google tó gbé fóònù kan jáde tí ó polongo pé òun ṣe ní pàtàkì kí gbogbo irú àwọ̀ ara lè hàn bí ó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tíì gbọ́n tán. Bí ìdílé bá wọ léèsì funfun, tí ajá wọn sì funfun pẹ̀lú, kámẹ́rà yóò wo gbogbo funfun yẹn, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Ojú àwọn ènìyàn á ṣókùnkùn. Ojú ènìyàn ni kí ayàwòrán fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Lórí fóònù, kí ó fi ìka tẹ ojú ẹni tí ó dúdú jù láàárín wọn. Bí aṣọ ìbora funfun kan bá sì wà nílé, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn níbi tí kò ní hàn nínú àwòrán. Yóò ta ìmọ́lẹ̀ padà sí abẹ́ fìlà àti abẹ́ gèlè.

Ó wá ku àwọn ọmọ. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń mú àkókò tí ó wù wọ́n. Wọn yóò dúró títí ìsìn yóò fi parí ní agogo kan ọ̀sán, wọn yóò kí ará, wọn yóò kí ọ̀rẹ́, lẹ́yìn náà wọn yóò wá to ọmọ tí ebi ń pa, tí oorun ń kùn, tí bàtà tuntun ń jẹ lẹ́sẹ̀, sí inú oòrùn. Bí ọmọ náà bá ké, wọn yóò ní ó ya aláìgbọràn. Ọmọ tí ó bá sùn, tí ó jí, tí ó sì jẹun, ni ọmọ tí ó ṣeé yà. Kí gbogbo àgbàlagbà kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n tún gèlè ṣe, kí wọ́n tún agbádá gbé, kí ayàwòrán ya wọn lẹ́ẹ̀kan wò láìsí ọmọ kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ohun gbogbo bá tò ni kí àwọn ọmọ wọlé, kí èyí tí ó kéré jù sì wọlé kẹ́yìn pátápátá.

Àwọn ayàwòrán ìwòyí ń fi ìjókòó àtijọ́ yẹn ṣẹ̀sín, wọ́n ní ó le bí igi, wọ́n ní kí ìdílé máa sáré kiri nínú koríko bí ti òyìnbó inú kàlẹ́ńdà. Ẹni tí ó bá wo ojú àwọn àgbà nínú àwọn àwòrán àtijọ́ kò ní gbà fún wọn. Ìjókòó iyì gbọ́dọ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú, nígbà tí sùúrù ọmọ ṣì wà ní odindi; kí ó má sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tú àwọn ọmọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń sáré, kí kámẹ́rà ṣí ojú rẹ̀ fún ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá, tàbí kí ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ; fún àwọn tí ó jókòó, ìdá kan nínú 250 tó, kí ihò ojú kámẹ́rà sì wà ní nọ́ńbà 8, kí ìlà ẹ̀yìn lè hàn bí ìlà iwájú. Fíìmù kò sí mọ́ tí ènìyàn yóò máa ṣọ́. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá wà nínú àwòrán, kí ayàwòrán yà wọ́n tó ogún ìgbà, nítorí ẹnì kan yóò máa ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà.

Kí ayàwòrán kúnlẹ̀. Àwòrán ọmọdé tí àgbàlagbà bá yà ní ìnàró a máa jẹ́ orí ńlá àti ẹsẹ̀ kékeré, bí ẹni ń wo kànga. Ní ilẹ̀ tí ọmọ ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ó dà bí ẹ̀tẹ́ kí àgbà dọ̀bálẹ̀ sí iwájú ọmọ ọdún méjì, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ojú ọmọ náà wà. Kí ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí ọmọ fẹ́ràn, dúró sí ẹ̀yìn ayàwòrán gan-an, kí orí rẹ̀ ga díẹ̀ ju kámẹ́rà lọ, kí òun nìkan sì máa pe ọmọ. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìdílé Yorùbá ni pé àǹtí márùn-ún yóò dúró sí ọ̀nà márùn-ún, wọn yóò máa pàtẹ́wọ́, wọn yóò máa ki ọmọ ní oríkì. Ọmọ mẹ́ta á wo ọ̀nà mẹ́ta, baba á sì bojú jẹ́. Eré bojúbojú dára fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta. Fún èyí tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́: kí ó di àbúrò lọ́wọ́ mú, kí ó mú okùn ajá. Ọmọ tí ó ní iṣẹ́ kì í wá ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ìhalẹ̀ ẹgba kò wúlò rárá, nítorí ìbẹ̀rù náà yóò wà nínú àwòrán ní ogójì ọdún sí i.

Ọmọ ọwọ́ ni ó rọrùn jù fún Yorùbá, bí wọ́n bá rántí. Ìyá òyìnbó ní láti fi aṣọ bo ara rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó lè jókòó jẹ́ẹ́. Ìyá Yorùbá ní ẹ̀yìn. Kí ìyá pọn ọmọ, kí ó dúró ní ìfẹ̀gbẹ́kan, kí ó wo ọmọ náà lẹ́yìn èjìká. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò ní wàhálà, ojú rẹ̀ á là kedere, ọ̀já àti ìró á sì hàn bí wọ́n ṣe ń wọ̀ wọ́n ní ọdún náà. Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀pọ̀ ìyá a máa tú ọmọ sílẹ̀ kíákíá nígbà tí wọ́n bá rí kámẹ́rà, bí ẹni pé ọmọ pípọ̀n kò yẹ fún àwòrán.

Ẹran ọ̀sìn kò gbọ́ ìhalẹ̀ rárá. Elliott Erwitt, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní ọdún 2023, fi ajá yíyà gba orúkọ káàkiri ayé. Nínú àwòrán kan tí ó lókìkí nínú iṣẹ́ rẹ̀, ajá kékeré ni ó hàn tán, ẹsẹ̀ nìkan ni ènìyàn ní níbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ni ó gbé kámẹ́rà sí. Kí wọ́n mú ajá rìn títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yà á, kí olówó rẹ̀ mú okùn ọrùn rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹran tàbí egungun pamọ́ títí di ìgbà tí ohun gbogbo bá ṣe tán. Ìró tuntun kan, bí ìdún kọ́kọ́rọ́ tàbí ti ike tí wọ́n rún, á mú kí ó na etí. Ṣùgbọ́n ìgbà kan tàbí méjì péré ni, lẹ́yìn náà kò ní dá wọn lóhùn mọ́. Fíláàṣì kò dára fún un, ojú rẹ̀ á máa tan bí ti iwin. Ológbò ní tirẹ̀ kò sí ohun tí wọ́n lè pè é sí. Kí ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n gbé e sí àyà, kí ayàwòrán sì yára.

Ní ilé àwọn Mùsùlùmí tí kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kàn wọ́n, àgbò iléyá ni ẹran tí ó máa ń wà nínú àwòrán. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń já koríko fún un láti bí ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, àwọn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Kí wọ́n yà á pẹ̀lú wọn ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọdún, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọdún gan-an nígbà tí ọ̀bẹ ti wà lójú. Ìyàtọ̀ náà a máa hàn lójú àwọn ọmọ.

Ohun kan wà tí kò gba àwàdà. Àwọn kan a máa yá ajá aládùúgbò fún àwòrán, nítorí pé irun rẹ̀ dára. Ajá tí kò mọ ọmọ, tí wọ́n wá fún mọ́ àárín ènìyàn mẹ́wàá tí ń pariwo, lè gé ọmọ jẹ, àrùn dìgbòlugi sì ṣì wà ní orí òkè yẹn. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà yè é. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom, ìrìn díẹ̀ sí Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún ajá. Ìdílé tí ajá rẹ̀ kò bá tíì gbà á kò yẹ kí ó máa ronú nípa fọ́tò. Bí ajá bá sì gé ọmọ jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró kí ajá kọ́kọ́ ya dìgbòlugi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọgbà ẹranko Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972. Ibi tí ó dára fún àwòrán ni, ṣùgbọ́n ẹranko inú rẹ̀ kì í ṣe ẹran ọ̀sìn: ní ọdún 2015 kìnnìún kan jáde kúrò nínú àgò níbẹ̀, wọ́n sì ní láti yìnbọn pa á. Kí òbí má gbé ọmọ lé irin àgò nítorí fọ́tò.

Lónìí, àwòrán ẹgbẹ̀rún kan lè wà nínú fóònù kan ṣoṣo, kí fóònù náà sì bọ́ sínú omi. Ìdílé tí ó bá gbọ́n yóò mú méjì tàbí mẹ́ta jáde nínú ohun tí wọ́n yà ní ọjọ́ kan, yóò tẹ̀ wọ́n sórí bébà ní ẹ̀dà méjì, yóò fi ọ̀kan kọ́ sára ògiri ní Jọ́ọ̀sì, yóò sì fi èkejì ránṣẹ́ sílé. Kí wọ́n má fi báírò kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ó máa ń là sójú. Pẹ́ńsù tí ó rọ̀ ni ó dára. Ọjọ́ náà ni kí wọ́n kọ, àti ibi tí wọ́n ti yà á, àti orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ ọ̀tún dé òsì, pẹ̀lú orúkọ èyí tí ó yí orí padà, àti orúkọ ajá.